Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó darúgbó sínú ìjà: Ta ló kù tó lè pè wọ́n jókòó?

Bí ọmọ ìyá méjì bá ń jà nílé Yorùbá, tí bàbá wọn sì wà láyé, ọ̀rọ̀ náà kì í pẹ́ kó tó lójú. Bàbá á ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì, á gbọ́ tẹnu ẹ̀gbọ́n, á gbọ́ tẹnu àbúrò, á bá èyí tó jẹ̀bi wí, á sì tún bá èyí tó jàre wí díẹ̀ kó má baà gbéra ga. Àbúrò á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n á ní kó dìde, ó parí nìyẹn. Bí bàbá kò bá sí mọ́, ìyá wà. Bí ìyá náà bá ti lọ, àbúrò bàbá wà, olórí ẹbí wà, àwọn àgbà ọmọ obìnrin ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè fojú di náà wà. N'Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ náà lè dé iwájú Mọ́gàjí.

Ohun kan ló so gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí pọ̀: ẹni tó ń parí ìjà náà ju àwọn tó ń jà lọ lọ́jọ́ orí. Òun ló fi lè sọ pé ó tó, kí wọ́n sì dákẹ́.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá di ẹni ọdún 81, tí àbúrò jẹ́ ẹni ọdún 76? Bàbá ti kú tipẹ́. Àbúrò bàbá tó kẹ́yìn ti kú. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni olórí ẹbí gan-an báyìí. Àwọn tó kù nínú ilé, ọmọ wọn ni, ọmọ-ọmọ wọn ni, kò sì sí ọmọ tó lè pe bàbá rẹ̀ àti àbúrò bàbá rẹ̀ jókòó kó ní òun fẹ́ dá ẹjọ́ wọn. Ìdí nìyí tí ìjà tó bá bá ènìyàn dé ọjọ́ ogbó kì í fi í tán fúnra rẹ̀. Kì í ṣe pé ọkàn àwọn àgbà le ju ti ọ̀dọ́ lọ. Àwọn tó lè là wọ́n ló ti tán nílẹ̀.

Nítorí èyí, ó yẹ kí àwọn ẹbí tún àṣà kan wò, ìyẹn èyí tó ní àbúrò ló gbọ́dọ̀ wá bẹ ẹ̀gbọ́n. Ó wúlò nígbà tí ẹnì kẹta tó dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ wà níjòókòó. Lọ́jọ́ ogbó, ẹ̀gbọ́n ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ pé òun ni wọ́n ṣẹ̀.

Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ghana

Ìjà àwọn tó ń darúgbó lónìí kò ṣẹ̀yìn ìrìn àjò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dàgbà nínú ilé tí ọmọ kan wà nílé, tí òmíràn wà ní ìdálẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Ìgbẹ́tì àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, àwọn oníṣòwò kó lọ sí Kumasi, Accra àti Tamale. Àwọn ará Ẹ̀jìgbò pọ̀ ní Abidjan débi pé bọ́ọ̀sì ń gbéra tààrà láti ìlú náà lọ sí Côte d'Ivoire. Odidi ìwé kan ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ J. S. Eades kọ lórí àwọn oníṣòwò Yorùbá tó tẹ̀dó sí àríwá Ghana, ó sì jáde lọ́dún 1993.

Lọ́jọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia kéde ní Ghana pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀. Ẹni tó ti lo 30 ọdún nínú ọjà Kumasi ta ọjà ìsọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀dínwó, ó di ẹrù sórí lọ́rì, ó dorí kọ ilé. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 20 lọ́dún yẹn ti lé ní 70 báyìí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn bá nílé ló dá ìjà sílẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, owó kì í sábà gba báńkì wálé. Ẹni tó ń bọ̀ nílé ló ń bá wọn mú un wá, wọ́n á wé e mọ́ inú aṣọ, lẹ́tà tí ẹni tó mọ̀ọ́kọ bá wọn kọ á sì tẹ̀lé e: èyí ni ti símẹ́ńtì, èyí ni ti páànù, èyí ni kí ẹ fi tọ́jú ìyá. Ọmọ ìyá tó wà nílé ló ń gbà á. Òun ló ń wá bíríkìlà, òun ló ń bá onílẹ̀ dúnàádúrà, orúkọ rẹ̀ ló sì máa ń wà nínú ìwé ilẹ̀, nítorí òun ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́.

Ará Ghana dé, ó béèrè ilé. Nígbà mìíràn, ilé wà, àmọ́ ẹlòmíràn ló ń gbé inú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ìpìlẹ̀ nìkan ló wà, koríko sì ti bò ó. Ẹni tó wà nílé ní àlàyé tirẹ̀: bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọdún mẹ́rin, ta ló ra oògùn? Wọ́n sìnkú ìyá, ta ló ra màlúù? Àwọn ọmọ tí ará Ghana fi ránṣẹ́ wálé kí wọ́n wá lọ síléèwé, ta ló bọ́ wọn? Ẹni tó dé láti Ghana náà ní tirẹ̀: inú ìsọ̀ lòun ń sùn kí owó náà tó pé.

Ohun tí ẹni tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí kì í fẹ́ gbà ni pé òótọ́ lè wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Owó símẹ́ńtì lọ sórí oògùn, kò sì sí ẹni tó kọ̀wé sọ fún ará Ghana. Ṣé olè nìyẹn ni? Àbí ọmọ tó tọ́jú bàbá ni? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn 50 ọdún, kò sí ẹni tó lè ṣírò rẹ̀ mọ́. Ẹni tó mú owó wá ti kú, bíríkìlà ti kú, ẹni tó bá wọn kọ lẹ́tà ti kú. Owó náà gan-an ti kú: pọ́n-ún àti ṣílè ni Nàìjíríà ń ná nígbà náà, kó tó di pé náírà dé lọ́jọ́ kìíní ọdún 1973.

(Lọ́dún 1983, ó kan ìjọba Shehu Shagari láti lé àwọn àjèjì tí kò níwèé kúrò ní Nàìjíríà, àwọn ará Ghana ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì ń jẹ́ "Ghana Must Go" dòní. Kò dájú pé ẹjọ́ tí àwọn náà bá nílé ní Kumasi yàtọ̀ sí ti Ògbómọ̀ṣọ́.)

Àwọn tó wà ní London àti Houston báyìí ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, wọ́n ń gba àwòrán ilé lórí WhatsApp. Àwòrán náà kì í ṣe ti ilé wọn nígbà mìíràn. Ẹjọ́ tiwọn ń bọ̀ lọ́nà.

Ilé tí kò ṣeé tà, tí kò sì ṣeé tún ṣe

Àwọn kan á ní kóòtù wà. Kóòtù wà lóòótọ́, ó sì ní iṣẹ́ tirẹ̀, àmọ́ àwọn tó sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo agbẹjọ́rò tó kọ́ òfin ogún Yorùbá mọ̀. Suberu Dawodu kú ní Èkó lọ́dún 1940 láìkọ ìwé ìhágún. Ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ṣé ìdí igi ni wọ́n máa fi pín in, kí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀ lọ́gbọọgba, àbí orí ò jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní orí ò jorí ló bá ẹ̀tọ́ mu. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ nígbà náà yí i padà lọ́dún 1958, ó ní ìdí igi ni àṣà. Ẹjọ́ náà rìn títí dé iwájú àwọn adájọ́ Privy Council ní London, tí àwọn náà fọwọ́ sí ìdí igi lọ́dún 1962. Ọdún 22 ti kọjá lórí ikú bàbá wọn kí ọ̀rọ̀ tó jálẹ̀.

Òfin yanjú. Àmọ́ kò sí adájọ́ tó lè pàṣẹ pé kí ọmọ ìdí kan máa lọ kí ọmọ ìdí kejì lọ́jọ́ ọdún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ òfin ti ń dun àwọn arúgbó jù ni ilé bàbá. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ wa, olórí ẹbí nìkan kò lè dá ilé ẹbí tà kó dúró bí àwọn olórí ẹ̀ka yòókù bá lọ pè é lẹ́jọ́ lásìkò, àwọn náà kò sì lè tà á lẹ́yìn olórí ẹbí. Òfin tó dára ni, nítorí ó ń dá ọwọ́ wọ̀bìà dúró. Àmọ́ bí olórí ẹbí àti olórí ẹ̀ka kejì bá ti yan ara wọn lódì, ilé náà há nìyẹn. Ẹni kan kò lè tà á, ẹni kan kò fẹ́ náwó sí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Páànù ń dípẹtà, ògiri ń là, àwọn méjèèjì sì ń sanwó ilé fún onílé ẹlòmíràn ní ìgboro kan náà. Ẹni tó bá rin àdúgbò àtijọ́ n'Ìbàdàn tàbí l'Ábẹ́òkúta yóò rí irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ pé kò sí fún títà.

Ta ló kù tó lè pè é ní Àjọkẹ́?

Gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ owó àti ilé ni. Ohun tó ń sọnù gan-an kò ní iye owó lórí.

Màmá tó bá pé ọdún 80 ní orúkọ púpọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é ní màmá, àwọn ọmọ-ọmọ ń pè é ní ìyá àgbà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pè é ní Mummy, àwọn ará àdúgbò sì ń fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè é. Ẹni tó lè pè é ní Àjọkẹ́ lásán, oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń sunkún, gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó dàgbà jù ú lọ. Ọmọ rẹ̀ kò lè pè é bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kan bá ṣẹ́kù ní Ọ̀fà, tí wọn kò sì tíì sọ̀rọ̀ láti ọdún tí wọ́n sìnkú ìyá wọn, a jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo tó lè fi oríkì náà pè é láyé yìí ló ń yàn án lódì.

Bákan náà ni ti ìrántí. Àwọn ọmọ mọ ìyá wọn láti ìgbà tó ti di ìyá. Wọn kò mọ ọmọdébìnrin tó bọ́ sínú odò, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà jáde. Ohùn bàbá tó ń pe ìrun àsùbáà, ìsọ̀ ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi odán, ìdí tí wọ́n fi ń pe ajá ilé náà ní orúkọ tó ń jẹ́: èèyàn méjì péré ló mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa rántí, àmọ́ kò ní sí ẹni tó máa sọ fún un pé "kò rí bẹ́ẹ̀, ìwọ ò tíì gbọ́n nígbà náà".

Ọ̀tá tó tún wà níbẹ̀ ni ìgbàgbé ọjọ́ ogbó. Àìsàn ọpọlọ tó ń jẹ́ dementia kì í dúró de ẹni tó ń múra àtidáríjì. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti rí i: ẹ̀gbọ́n wá gbà láti wá, ó dé, àbúrò sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ pé ta ni àlejò yìí. Kò sí ìjà mọ́ lóòótọ́. Àmọ́ kò sí àbúrò náà mọ́.

Ẹni tó sáré

Àwọn àgbà tó bá ń kọ̀ láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sábà máa ń sọ pé àwọn kò lè sọ ipò àwọn nù. Bóyá kí wọ́n tún wo inú ìwé mímọ́ tí wọ́n ń kà. Ìtàn Jákọ́bù àti Ísọ̀ wà nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 33. Gbogbo èèyàn ló rántí pé àbúrò tẹrí ba lẹ́ẹ̀méje bó ṣe ń súnmọ́ ẹ̀gbọ́n. Ohun tí wọn kì í rántí ni pé kó tó dé ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti sáré wá pàdé rẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ó sì fẹnu kò ó lẹ́nu. Ísọ̀ ni wọ́n sì rẹ́ jẹ, òun ni wọ́n gba ìbùkún rẹ̀. Ogún ọdún ló ti kọjá. Nínú Ìsìláàmù náà, hádíìsì tí gbogbo ààfáà mọ̀ kò fàyè gba kí Mùsùlùmí yan ẹnì kejì rẹ̀ lódì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ó sì fi ẹni tó bá kọ́kọ́ sálámà ṣe ẹni tó dára jù nínú àwọn méjèèjì. Kò béèrè ta ló dàgbà jù.

Yàtọ̀ sí ti ẹ̀sìn, ọgbọ́n inú ilé náà wà níbẹ̀. Bí àbúrò bá kọ́kọ́ wá, wọ́n lè ní ó ń wá ogún, tàbí ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú, tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ ló rán an. Bí ẹ̀gbọ́n bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ta ló máa ní ó ń wá nǹkan? Gbogbo ilé á tẹ̀lé e. Ìyàwó tó ti ń fi imú ṣe ẹ̀gàn láti ọdún yìí wá á dákẹ́. Ọmọ tó ti gbọ́ ìtàn ìjà náà láti kékeré á rí i pé bàbá òun ti gbé e sílẹ̀. Àṣà tó fún ẹ̀gbọ́n ní ipò ló fún un ní agbára yìí, bó bá sì fi jókòó sílé, ó kàn fi ipò náà ṣòfò ni.

Kò sì pọn dandan kó jẹ́ ẹ̀bẹ̀. Àgbàlagbà Yorùbá mọ bí a ṣe ń tọrọ àforíjì láìdárúkọ rẹ̀. "Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dùn ọ́, ṣé o ti rí dókítà?" Iṣu méjì tó wá láti oko. Orúkọ ọmọ-ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, pẹ̀lú iṣẹ́ pé kí àbúrò náà wá sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá gba iṣu náà ti dáhùn.

Ó yẹ kí a sọ apá kejì náà láìfi bò. Kì í ṣe gbogbo odì ló yẹ kó wó. Obìnrin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè ní àjẹ́ níwájú ìjọ, tí wọ́n sì lé e jáde nílé bàbá rẹ̀ nítorí ẹ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ìkíni. Ẹni tí wọ́n lù, ẹni tí wọ́n ba ayé ọmọ rẹ̀ jẹ́, àwọn yẹn mọ ìdí tí wọ́n fi jìnnà. Àwọn pásítọ̀, ààfáà àti àwọn ọmọ tó ń fi ipá kó irú wọn jọ nítorí pé ọjọ́ ìbí ọdún 80 ń bọ̀, tí wọ́n fẹ́ kí fọ́tò dùn ún wò, ń ṣe ìkà ni. Bí ẹni tó jẹ̀bi kò bá tíì ṣetán láti pe orúkọ ohun tó ṣe, kí wọ́n fi ẹni tó ń sá sílẹ̀.

Àmọ́ ìjà owó símẹ́ńtì kọ́ nìyẹn. Ìjà ta ni kò wá síbi ìsìnkú kọ́ nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú odì àwọn arúgbó kò tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń bá a kiri gan-an sì mọ̀.

Iṣẹ́ àwọn ọmọ

Àwọn ọmọ ló ń jogún ìjà yìí, àwọn náà ló sì máa ń bà á jẹ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n máa ń fẹ́ kí wọ́n parí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan: kí àwọn àgbà méjì jókòó, kí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ 1969, kí wọ́n pín ilé, kí wọ́n sì jọ jẹun. Ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe iṣẹ́ ẹni ọdún 80. Ó dára kí àwọn ọmọ ìdí méjèèjì gbé e lọ́tọ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé sínú ìwé, kí olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Bí wọn kò bá lè ṣe é láàárín ara wọn, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní Citizens' Mediation Centre tó ń bá èèyàn làjà láìgba kọ́bọ̀. Ìkíni kò nílò ìwé, kò sì yẹ kí wọ́n so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹni tó kí àbúrò rẹ̀ lánàá ṣì lè sọ lónìí pé òun kò fara mọ́ bó ṣe ń gba owó ilé.

Àwọn ẹbí tó ń dúró de ìsìnkú náà pọ̀. Nígbà yẹn, wọ́n á wọ aṣọ ẹbí kan náà, ẹni tí kò tẹ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún 30 ọdún á ra màlúù tó tóbi jù, á sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ara wọn tó. Òkú ò mọ iye tí wọ́n ra àgọ̀.

Ohun tí ọmọ lè ṣe ni pé kó gbé ọ̀nà náà, kó má gbé ẹjọ́. Kó sọ fún bàbá rẹ̀ pé ara àbúrò yín kò yá, kó sì dúró síbẹ̀. Kó wa ọkọ̀. Kó ra káàdì fóònù. Etí àwọn àgbà kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, fóònù lásán sì lè dá ìjà tuntun sílẹ̀, nítorí ẹni tí kò gbọ́ á rò pé wọ́n kò dá òun lóhùn. Ó sàn kí wọ́n rí ojú ara wọn. Àmọ́ bọ́ọ̀sì láti Ẹ̀jìgbò sí Abidjan ń gba Benin, Togo àti Ghana kọjá, ibodè lórí ibodè, ẹni ọdún 80 kò sì lè jókòó sínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ lè jókòó sínú rẹ̀. Ó lè gbé fóònù alámòhùnmáwòrán náà dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, kó gbé e ti ẹ̀gbẹ́ ife omi kí ojú àwọn méjèèjì lè hàn dáadáa, kó sì jáde kúrò nínú yàrá.